Ìbúgbàmù Tó Gba Inú Fóònù Wọlé

Àwọn tó ṣáájú mi dé ìlú òyìnbó ti kìlọ̀ fún mi pé òtútù ni màá kọ́kọ́ bá wọ̀yá ìjà. Wọn ò purọ́, ṣùgbọ́n òtútù ní ẹ̀wù, ẹ̀wù sì pọ̀ lọ́jà. Ìdákẹ́jẹ́ ni wọn ò sọ fún mi. Èmi tí wọ́n bí sí Iléṣà, tí ẹ̀rọ ìlọta wà lọ́wọ́ ọ̀tún ilé wa, tí ṣọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ òsì, tí ẹni tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe sì dojú kọ wá gangan, èmi ni wọ́n wá fi sí àdúgbò tí mo ti ń gbọ́ bí fíríìjì ṣe ń mí. Ẹnikẹ́ni kì í kígbe orúkọ ìlú lẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì. Ẹkún ọmọ wọn kì í kọjá ẹnu ọ̀nà. Ajá pàápàá, ó dà bí ẹni pé wọ́n ti rán an lọ sílé ìwé. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé, mo yọjú lójú fèrèsé títí, mo ní bóyá ìjọba ti kó gbogbo àdúgbò náà lọ, tí wọ́n kàn gbàgbé èmi.

Ọjọ́ tí ìdákẹ́jẹ́ náà bẹ́, díẹ̀ ló kù kí n bá a lọ. Ìrọ̀lẹ́ kan nínú oṣù kọkànlá ni. Mò ń ro ẹ̀bà mi jẹ́jẹ́ nígbà tí mo gbọ́ gbòlà, gbòlà, tàù-tàù-tàù. Kí n tó bi ara mi léèrè ohunkóhun, mo ti wà lábẹ́ tábìlì pẹ̀lú orógùn lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni obìnrin tó ni ilé bá mi. Ó ní ọdún ni wọ́n ń ṣe, báńgà ni wọ́n ń yìn sójú ọ̀run, ó sì bi mí bóyá a kì í yin báńgà nílùú tiwa. Mo ní à ń yìn ín, àmọ́ ní tiwa, a máa ń mọ ọmọ tó yìn ín, a ó sì ti fẹjọ́ rẹ̀ sun ìyá rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀bà mi ti le bí òkúta.

Iṣẹ́ tí mo rí ṣe ni ìtọ́jú àwọn arúgbó. Tíṣà ni mí ní Òṣogbo kí n tó kúrò nílé. Ẹ̀kọ́ nípa ara èèyàn ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ, kò sì sí apá ara tí n kò yà sójú bọ́ọ̀dù rí. Àṣé Ọlọ́run ń múra mi sílẹ̀ láti wá máa wẹ̀ ẹ́ ni. Mo wẹ̀ ẹ́. Mo nù ún. Mo kọ́ bí a ṣe ń gbé ẹni tó wúwo jù mí lọ láìjẹ́ kí ọ̀pá ẹ̀yìn mi já. Ọjọ́ tí ìyá kan tí kì í gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun jẹ́ kí n bá òun ya irun, mo jó díẹ̀ nínú ilé ìwẹ̀ níbi tí kò sí ẹni tó ń wò mí. Irú ìṣẹ́gun tí a máa ń ṣe níbí nìyẹn. Ẹ má fi wé ti ogun Kírìjì.

Bàbá kan wà láàrin wọn tí mo sọ ní Bàbá Ó-dáa. Kò gbọ́ràn, kò sì fẹ́ kí ẹnì kankan mọ̀. Ohun yòówù tí èèyàn bá wí, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Bí o ní tíì rèé, ó dáa. Bí o ní òjò ti ba aṣọ rẹ̀ tí a sá jẹ́, ó dáa gan-an. Àwọn ọmọ rẹ̀ ra ẹ̀rọ ìgbọ́ràn olówó iyebíye fún un, ó sọ ọ́ sínú tíì. Wọ́n ra òmíràn. Ó fi ìyẹn náà mu tíì.

Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, bí Màámi bá ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, mo máa ń pè wọ́n. Opó ni Màámi, aṣọ ni wọ́n ń tà bíi ti àwọn bàbá wọn, ọ̀rọ̀ sì pọ̀ nínú wọn ju aṣọ lọ. Màámi kò gbà pé fóònù ń gbé ohùn. Wọ́n gbà pé èèyàn ló gbọ́dọ̀ ti ohùn rẹ̀ dé òkè òkun fúnra rẹ̀, nítorí náà wọ́n máa ń ti tiwọn tagbáratagbára. Màá gbé fóònù sórí tábìlì, màá máa lọ aṣọ iṣẹ́ mi, wọ́n á sì máa ròyìn ẹni tó bímọ, ẹni tó kọ ọkọ, ẹni tó kọ́lé tí kò ṣílé. Ìgbà mìíràn, ọ̀rọ̀ Màámi kọ́ ni mò ń gbọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà ni: adìẹ tí wọ́n ń lé, ata tí wọ́n ń lọ̀, ẹni tó ń kí wọn láti ìta tí wọ́n ń dá lóhùn láìgbé fóònù kúrò létí. Mo ti wá mọ̀ pé ẹni tó bá pẹ́ nílẹ̀ òkèèrè, ilé rẹ̀ kì í sí lẹ́sẹ̀ rẹ̀ mọ́. Etí rẹ̀ nìkan ló kù tó ń lọ sílé.

Nígbà tó yá, ẹni tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe kó lọ, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gba ṣọ́ọ̀bù náà, ó ń rọ gáàsì sínú sìlíńdà fún àwọn ará àdúgbò. Màámi ní ọkàn àwọn ò balẹ̀, pé ibi ìdáná àwọn kò jìnnà sí ibẹ̀. Mo ní kí Délé, àbúrò mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn, lọ fi tó àwọn tó yẹ kó gbọ́ létí. Délé lọ. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Ó tún lọ. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́ kí ó tó dé. Gbígbọ́ náà ni wọ́n ṣì ń gbọ́ títí di ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ọjọ́ Àìkú kan láàrin ààwẹ̀ Rámádánì ni. Màámi ń ròyìn ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe lópin ọ̀sẹ̀. Wọ́n ní ọkọ ìyàwó kúrú débi pé nígbà tí pásítọ̀ ní kó ṣí ìbòrí ojú ìyàwó, ìyàwó ló bẹ̀rẹ̀ fún un. Mò ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ni mo gbọ́ fììì, bí ẹni ń tú afẹ́fẹ́ táyà ọkọ̀ ńlá. Màámi ní, "Ta ló ń tú—"

Fóònù kékeré kò lè gbé ohun tó tẹ̀lé e. N kò gbọ́ gbòà. Ohun tí mo gbọ́ ni bí ìgbà tí fóònù náà gbé itọ́ mì, tó wá ń wá ohùn ara rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni páánù bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ wàràwàrà, tí gíláàsì ń fọ́, tí ewúrẹ́ ń ké, tí obìnrin kan ń pe orúkọ ọmọ kan lápètúnpè. Rédíò kan wà láàrin gbogbo rẹ̀ tí kò kú, tí pásítọ̀ inú rẹ̀ kò sì dákẹ́. Ó ń wàásù lọ ní tirẹ̀. Mo ń pariwo Màámi, Màámi. Pásítọ̀ ní kí a sọ àmín. Fóònù kú.

Mo pè. Obìnrin inú fóònù ní nọ́ńbà tí mò ń pè kò sí. Mo bi í pé kò sí níbo? Mo tún pè, ó tún sọ ọ́, pẹ̀lú ohùn ẹni tó ti jẹun yó. Mo pe Délé, kò gbé e. Mo pe ṣọ́ọ̀ṣì, wọn ò gbé e. Àdúgbò tí èmi wà pa rọ́rọ́. Ẹnì kan ń gé koríko iwájú ilé rẹ̀, ó rí mi lójú fèrèsé, ó juwọ́ sí mi.

Ìrọ̀lẹ́ ni Délé gbé fóònù. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Sìlíńdà ló bẹ́ níwájú ilé. Kò sí wàhálà."

"Màámi ńkọ́?"

"Màámi wà. Wọ́n ń sinmi."

Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa mọ ohun tí sísinmi túmọ̀ sí lórí fóònù. Nígbà tí bàbá wa lọ, Òṣogbo ni mo wà, kì í ṣe òkè òkun, síbẹ̀ wọ́n ní Bàbá ń sinmi, kí n tètè máa bọ̀. Mo ra ọsàn dání fún wọn. Mo bá wọn lórí ibi tí wọ́n ti ń sinmi, wọ́n ti fi aṣọ funfun bò wọ́n. Bí wọ́n bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó wà ní Òṣogbo, kí ni wọn ò ní ṣe fún ẹni tó wà níbí? A kì í fi ìròyìn burúkú ránṣẹ́ sí ẹni tó wà nílẹ̀ òkèèrè. Wọ́n á ní bó bá ṣubú lulẹ̀, ta ni yóò gbé e? Wọn ò mọ̀ pé ẹni tí wọn ò sọ fún ti ṣubú lulẹ̀ tipẹ́, òun nìkan ló sì ń gbé ara rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, Délé ní Màámi ti lọ sí oko ẹ̀gbọ́n wọn ní Ìfẹ̀wàrà, pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí níbẹ̀. Màámi tí ń sinmi lánàá! Mo pe ọ̀rẹ́ wọn láti ìgbà ọmọge, Àlájà kan tó ń pa aṣọ láró ní Òṣogbo. Mo ti dá a rò lọ́kàn mi: ààwẹ̀ ń lọ lọ́wọ́, olódodo sì ni Àlájà, wọn ò ní fi ẹnu ààwẹ̀ parọ́ fún mi. Mo kí wọn kú ààwẹ̀, wọ́n ṣàdúrà fún mi. Mo wá bi wọ́n bóyá nǹkan kan ṣe Màámi. Mo mọ ìbéèrè tó yẹ kí n bi wọ́n, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gba ọ̀rọ̀ yẹn. Ọmọ wo ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ pe irú ọ̀rọ̀ yẹn lé ìyá rẹ̀ lórí?

Àlájà wúkọ́. "Ọmọ mi, ààwẹ̀ wà lẹ́nu mi. Fi mí sílẹ̀ kí a ṣínu ná."

Nígbà tí oòrùn wọ̀ ní Òṣogbo, àwọn fúnra wọn ló pè mí, ẹnu wọn kún fún dàbínù àti irọ́. Wọ́n ní Màámi ti lọ kí ẹbí wọn ní Òṣú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé, mo sunkún ìyá mi.

Ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ rí ojú mi, ó bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ní wọ́n ní ìyá mi ń sinmi. Ó ní ṣé kò dáa kó sinmi ni? Mo ní wọ́n tún ní ó ti lọ sí oko. Ó ní oko dára fún àgbàlagbà. Mo ní wọ́n tún ní ó lọ kí ẹbí nílùú mìíràn. Obìnrin náà wò mí títí. Mo ṣàlàyé fún un pé nílé wa, bí arúgbó kan bá wà ní ibi púpọ̀ báyìí lẹ́ẹ̀kan náà, a jẹ́ pé kò sí níbì kankan mọ́. Kò yé e, ṣùgbọ́n ó gbà mí gbọ́, ó ní kí n máa lọ sílé. Wọ́n da nǹkan jọ, wọ́n ra òdòdó funfun ńlá kan fún mi pẹ̀lú káàdì ìbánikẹ́dùn tí gbogbo wọn fọwọ́ sí. Kí n tó jáde, mo kọjá lọ́dọ̀ Bàbá Ó-dáa, mo sọ fún un pé ìyá mi ti kú. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní ó dáa, ó dáa gan-an. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó wù mí kí n lu arúgbó.

Mo gbé òdòdó náà sínú ife omi, n kò mọ ibòmíràn tí wọ́n ń gbé e sí. Mo pe Délé pẹ̀lú ohùn tí mo fi ń pe àwọn ọmọ tó bá jíwèé wò ní kíláàsì. Mo ní ó tó. Mo ní mo ti ra aṣọ dúdú. Mo ní kó sọ ibi tí wọ́n tẹ́ Màámi sí, kí n lè mọ ibi tí màá kọjú sí bí mo bá ń sunkún.

Délé kígbe. "Ẹ̀gbọ́n mi, Màámi wo? Màámi tí wọ́n ń jẹ iyán lọ́wọ́ yìí?"

"Níbo? Ní Ìfẹ̀wàrà ni àbí ní Òṣú?"

"Lẹ́yìnkùlé ni."

Mo ní kó gbé kámẹ́rà sí wọn lójú kí n tó sọ ohun tí n kò ní lè kó mọ́. Ó ń kùn pé kámẹ́rà òun ò ríran dáadáa, pé Màámi ò tíì múra. Mo pariwo. Ó sì gbé e.

Màámi rèé lórí àpótí, pẹ̀lú iyán níwájú. Wọ́n fi báńdéèjì di apá kan. Wọ́n wé gèlè kanlẹ̀ dé ọrùn, ó bo etí pátápátá. Iná ti jẹ irun ìpéǹpéjú kan, wọ́n sì ti fi tìróò ya òmíràn síbẹ̀, èyí tí wọ́n yà ga ju èkejì lọ, tó fi dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ mi ń ya wọ́n lẹ́nu kí n tó sọ ọ́. N kò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n sunkún, mo sì ṣe méjèèjì.

"Ọmọ mi! Ṣé ulé lo wà? Òdòdó ẹ̀yìn rẹ yẹn mà rẹwà o. Ta ló fún ọ?"

Mo ní àwọn ará ibi iṣẹ́ ni.

"Ó dáa. Èmi náà ti jẹun."

Mo bi wọ́n bóyá apá ń dùn wọ́n. Wọ́n ní àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wà, wọ́n ń kí mi. Mo sún mọ́ fóònù. Ohun kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í yé mi tí n kò fẹ́ kó yé mi. Mo ní, "Màámi, wọ́n sọ fún mi pé ẹ ti kú."

Màámi rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ọlọ́run á túbọ̀ máa ṣe é."

Lójoojúmọ́ ni mò ń rí ẹ̀rín yẹn. Èmi ni mò ń gbé tíì fún bàbá tó ni ín.

Délé gba fóònù, ó jáde sí iwájú ilé. Mo rí ibi tí ṣọ́ọ̀bù gáàsì wà tẹ́lẹ̀, ògiri dúdú kan àti páánù tó ká jọ bí ewé. Ọ̀rá ńlá ni wọ́n fi bo apá kan òrùlé tiwa. Ó ní ọmọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù ṣì wà ní ọsibítù, pé ó ti ń jẹun. Ó wá ní etí Màámi ti lọ. Méjèèjì. Dókítà ní ẹ̀rọ ìgbọ́ràn kò ní ràn wọ́n lọ́wọ́, pé ohun tó bàjẹ́ jìn ju ibi tí ẹ̀rọ ń dé.

Mo bú Délé. Mo bú u títí tí èébú Yorùbá fi tán, mo mú ti òyìnbó kún un. Mo ní kí ló dé tí wọ́n fi jẹ́ kí n ṣọ̀fọ̀ alààyè.

"Màámi ló ní a ò gbọdọ̀ sọ," ni Délé wí. "Wọ́n ní bí ẹ bá mọ̀ pé àwọn ò gbọ́ràn mọ́, ẹ ò ní pè mọ́. Wọ́n ní ta ló ń pe adití lórí fóònù?"

Mo da ojú káàdì ìbánikẹ́dùn náà dé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ ti mọ̀."

Mo bínú lọ́sẹ̀ yẹn débi pé mo ń fọ abọ́ bí ẹni ń lù ú. Mo bínú sí àwọn tó ní àwọn ti gbọ́. Mo bínú sí Délé tí kò mọ irọ́ pa, tó fi Ìfẹ̀wàrà bo etí. Mo bínú sí Àlájà, sí dàbínù, sí ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tó ń mu tíì lọ́dọ̀ wa nígbà tí èyí tó lè wo Màámi sàn kò sí lọ́jà kankan. Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí jù ni pé Màámi ro nǹkan yẹn sí mi, tí n kò sì lè fi gbogbo ẹnu sọ pé irọ́ ni. Kí ni ọmọ tó wà lókè òkun fi ń jẹ́ ọmọ bí kò ṣe ohùn? Mi ò lè bá wọn gbé omi. Mi ò lè di báńdéèjì wọn. Ohùn ni mo jẹ́ fún wọn ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, ohùn náà ni iná jó. Màámi náà ti wá ṣí lọ sí ìlú ìdákẹ́jẹ́, ẹnikẹ́ni ò sì bi wọ́n léèrè físà.

Nígbà tí ọjọ́ Àìkú dé, mo múra. Mo wọ kádígàn tó nípọn jù. Mo se ìrẹsì, mo bù ú sínú abọ́ ńlá. Mo gbé òdòdó kúrò lẹ́yìn mi. Mo pè pẹ̀lú kámẹ́rà, Délé gbé fóònù ti ara garawa níwájú Màámi, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Màámi bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo gbé abọ́ sókè. Wọ́n ní ìrẹsì nìkan, ẹran ńkọ́? Mo wá ẹran kan jáde, mo fi hàn wọ́n. Inú wọn dùn. Wọ́n bèèrè nípa òtútù, mo na kádígàn sí wọn. Wọ́n bi mí bóyá mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo mi orí pé rárá, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi wí, wọ́n bá mi wí dáadáa, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Wọ́n padà sórí ọ̀rọ̀ ọkọ ìyàwó tó kúrú. Mo di inú mú, mo rẹ́rìn-ín tí wọ́n fi lè rí gbogbo eyín mi. Wọ́n bèèrè bóyá wọ́n ń fi iṣẹ́ pa mí níbí. Tẹ́lẹ̀, màá ti ní rárá o. Orí mi mi fúnra rẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni. Màámi wo ojú mi, wọ́n ní kí n máa sùn dáadáa.

Aládùúgbò wọn kan gba ẹ̀yìnkùlé kọjá, ó dúró wò wọ́n. Ó ti gbọ́ pé etí wọn lọ. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́. Màámi nàka sí ojú fóònù.

"Ọmọ mi ni. À ń sọ̀rọ̀ ni, má dí wa lọ́wọ́."

Obìnrin náà wò mí. Mo juwọ́ sí i. Ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀.

Láti ìgbà tí mo ti pè, n kò tíì fọhùn. Màámi fi ọwọ́ nu ojú fóònù, wọ́n fà á mọ́ra títí tí mo fi rí kìkì ìpéǹpéjú tí wọ́n fi tìróò yà.

"Ohùn rẹ mà jáde lónìí o," ni Màámi wí. "Ketekete ni mo ń gbọ́ ọ."